Idà Igi, Idà Irin, àti Idà Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi l'Ọ̀rányàn, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára kí èèyàn kọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ò tíì yé lẹ̀ ń bi. Èmi Ràímì, ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń ṣe idà, kò sì sí ogun kankan n'Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà yẹn. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, irin ni. Èyí tí wọ́n fi mọ̀ mí, igi ni. Èyí tí mo lọ́wọ́ sí gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹ wá sọ fún mi, iṣẹ́ kí ni mo ṣe? Ṣé alágbẹ̀dẹ ni mí ni, àbí onítíátà, àbí irọ́ ni mo kàn ń pa kiri?

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gba àlàyé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Bàbá mi mú mi lọ sí Bẹyẹrúnkà, ó fà mí lé Bàbá Ògúndélé alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín nìyí. Eegun rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ dá padà fún mi." Ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń lọ. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Háà! Bàbá Ògúndélé le ju irin tí wọ́n ń lù lọ. Ọkọ́ àti àdá la fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ìdílé wọn ló ń rọ idà fún àwọn ológun láyé àtijọ́, márùn-ún tó ṣẹ́kù sì wà lára ògiri àgbẹ̀dẹ. Odidi oṣù mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kan ọmọ owú tá a fi ń lu irin. Bàbá á fi aṣọ dì mí lójú, wọ́n á gbé idà kan kalẹ̀ níwájú mi, wọ́n á ní kí n gbé e, kí n sọ irú ẹni tó ń lò ó.

"Èyí ńlá ni, Bàbá. Ó máa wúwo. Ti jagunjagun tó lágbára ni."

Wọ́n á fi oríkèé ìka kàn mí lórí, kó! "Ṣé o ti gbé e ni, tó o fi ń sọ pé ó máa wúwo? Ẹni tó bá ru ẹrù lọ sójú ogun, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀tá tó dé. Gbé e wò, aláìgbọràn."

Bí mo ṣe kọ́ ìwọ̀n irin nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá á na irin mọ́ òkúta, wọ́n á bi mí bóyá ó jinná nínú iná tàbí kò jinná. Nígbà tó yá, bí o bá ju ṣíbí sílẹ̀ nílé kẹta, màá sọ fún ọ bóyá páànù ni tàbí irin. Mò ń fi í yangàn nígbà náà.

Òfin kan tún wà tí Bàbá ò fi ṣeré. Nínú àgbẹ̀dẹ wa, a kì í ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni gba ohun tó bá mú bí ọ̀bẹ. Ẹni tó ní in á gbé e kalẹ̀, ẹni tó fẹ́ ẹ á bẹ̀rẹ̀, á gbé e fúnra rẹ̀. Bí Bàbá bá rí ọ̀bẹ níbi tí kò yẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi wá. "Ta ló gbé e kalẹ̀?" Ẹni tó gbé e kalẹ̀ á dá wọn lóhùn pé, "Èmi ni." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá ò ní nà án. Ẹni tó bá dákẹ́ ló máa jẹ pàṣán. Lójú tèmi nígbà yẹn, àṣejù àgbà ni.

Mo gba òmìnira, mo ṣí àgbẹ̀dẹ tèmi nítòsí Bẹẹrẹ. Ọ̀gá kan tó ní ẹgbẹ́ onítíátà alárìnkiri wá bá mi, Ọ̀gá Fọlá là ń pè wọ́n. Wọ́n ní eré ogun làwọn fẹ́ máa ṣe, àwọn fẹ́ idà tí kò ní pa èèyàn. Mo lọ sọ fún Bàbá Ògúndélé. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Idà tí kò ní pa èèyàn, kí ló wá fẹ́ ṣe?"

"Eré ni, Bàbá."

"Alágbẹ̀dẹ tó ń gbẹ́gi," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iná wọn.

Mo gbẹ́ igi náà. Mo lu agolo mílíìkì pẹlẹbẹ, mo fi bò ó, mo fi eérú àti òróró pa á lára. Nǹkan tó kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú rèé. Mo gbé idà irin gidi kan dání lọ síbi ìdánrawò wọn, kí wọ́n lè fi wé tèmi. Gbogbo wọn ló ní ayédèrú ni. Wọ́n ní kò dán, wọ́n ní ó dúdú jù, wọ́n ní ó kéré. Nígbà tí wọ́n rí ti igi, wọ́n ń sá sẹ́yìn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo òtítọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún, irọ́ ní ọwọ́ òsì. Irọ́ ni wọ́n gbà gbọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Làmídì. Télọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdí-Àrẹ̀rẹ̀. Òun ló ń rán ẹ̀wù ogun fún ẹgbẹ́ náà, òun náà ló sì ń ṣe Balógun lórí ìtàgé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yẹn, tó bá mú sísọ́ọ̀sì, kò ní lo ṣọ́ọ̀kì. Á kàn wo ẹ, á gé aṣọ, á sì bá ẹ mu wẹ́kú. Ọ̀rẹ́ wa wọra débi pé ìyàwó rẹ̀ máa ń bínú sí mi.

Ìjà wa kò ju orí ẹ̀wù ogun náà lọ. Èmi fẹ́ kó rí bí ó ṣe rí gan-an. Mo ní kó fi awọ málúù sínú, kó to páànù sí àyà.

"Ràímì, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ijó wà nínú eré yìí o!"

"Ta ló ń jó lójú ogun?"

"Ta ló ń sanwó wo ojú ogun?" Á bú sẹ́rìn-ín, á fi aṣọ lásán rán an, á to owó ẹyọ sí i lára. Àwọn èèyàn á máa sọ pé áà, ọta ò lè wọ ẹ̀wù yẹn. Abẹ́rẹ́ lásán máa wọ̀ ọ́.

Àṣejù baba àṣetẹ́. Ọ̀gá Fọlá ní ohùn irin ló kù nínú eré àwọn. Wọ́n fẹ́ kí Balógun fi idà gidi na òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀, kó dún, kí ara gbogbo èèyàn bù máṣọ, lẹ́yìn náà kó lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Mo rọ ọ̀kan. Kí n sòótọ́, ìgbéraga ló wọ̀ mí. Mo ṣe irin náà kó jọ àwọn ti igi débi pé ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, mo sì so aṣọ pupa mọ́ ọn ní ọrùn kó má baà sí àṣìṣe. Mo tún ń tẹ̀ lé òfin Bàbá. Ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ni mo máa ń dúró sí, màá to gbogbo idà sórí ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á bẹ̀rẹ̀ gbé tirẹ̀. Tí Balógun bá ti lo irin tán, á gbé e kalẹ̀ níwájú mi, èmi náà á sì gbé e pamọ́. Ó lé ní ọdún kan tá a fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ àìkú kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a fẹ́ ṣeré ní gbàgede kan lágbègbè Màpó. Èrò pọ̀ ju bó ṣe máa ń pọ̀ lọ. Mi ò tíì fi ojú ará iwájú wo iṣẹ́ ọwọ́ ara mi rí. Mo ní lónìí, èmi náà máa jókòó. Mo fa àpò idà lé ọ̀kan nínú àwọn òṣèré lọ́wọ́. Mo ní, "Gbà, bá mi pín in." Mo sáré lọ wá àyè síwájú. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó Ọ̀gá Fọlá ti rí aṣọ pupa yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, pé ó wù wọ́n, pé wọ́n sì ti ra aṣọ pupa púpọ̀, tí wọ́n so mọ́ gbogbo idà lẹ́yìn ìtàgé bí mo ṣe lọ tán, kí wọ́n lè bára mu.

Làmídì jáde. Ó gbé idà sókè, ó fi na òkúta.

Pó.

Irin kì í dún bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo mọ ohùn ṣíbí láti ilé kẹta, mo gbọ́ ọ. Mo ní ó jọ pé igi ni, ibo wá ni irin wà? Àwọn èèyàn ń hó, obìnrin kan gbé ọmọ dúró síwájú mi, ó ní kí n má dí òun lójú. Mo jókòó padà. Mo ní wọ́n á ti rí i lẹ́yìn. Títí dòní, mi ò lè ṣàlàyé ìdí tí mo fi jókòó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múfú ló ń ṣe ọ̀tá. Ó gbé idà, ó ṣá Làmídì ní apá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n da omi osùn sí ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo ní háà, osùn tòní mà dáa o. Gbogbo gbàgede pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí Làmídì ṣubú tí kò sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ ni mo tó dìde.

Ẹ gbà mí o! Múfú ń sunkún lẹ́yìn ìtàgé. Ó ní, "Bọ̀dá Ràímì, mo rí i pé ó wúwo. Mo rò pé ẹ tún un ṣe ni."

Wọ́n rán ọgbẹ́ náà, ó jinná, ṣùgbọ́n iṣan ti gé. Ìka Làmídì ò pa dé mọ́. Sísọ́ọ̀sì á bọ́, abẹ́rẹ́ á bọ́. Ìyàwó rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà, ó ń rán aṣọ, Làmídì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ẹni tó ń wọn èèyàn pẹ̀lú ojú lásán! Mo ń lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ òjò, a máa ń sọ̀rọ̀ ọmọ. Kò bi mí rí pé báwo ni irin ṣe dé ọwọ́ Múfú. Èmi náà ò sọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó gbé òkúta mì, síbẹ̀ à ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ògúndélé nìkan ló béèrè. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní Bẹyẹrúnkà. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ta ló gbé e kalẹ̀?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó gbé e kalẹ̀, Bàbá."

Wọ́n ní, "Mo gbọ́," wọ́n sì kọjú síná. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ni òwe náà tó yé mi.

Mi ò rọ idà irin mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀rọ oníná gba iṣẹ́ ẹwìrì, ẹ̀rọ tó ń jó irin pọ̀ gba iṣẹ́ ọmọ owú. Àwọn onítíátà pa mọ́tò alárìnkiri tì, wọ́n gba kámẹ́rà, fídíò ni gbogbo wọn ń ṣe. Kámẹ́rà máa ń sún mọ́ nǹkan, kò jẹ́ kí agolo mílíìkì jọ irin mọ́, a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóòmù. Fóòmù! Mo gé idà jagunjagun odidi ìlú láti inú bẹ́ẹ̀dì àlòkù. Mo ń ṣe é, kò dùn mọ́ mi, mi ò sì mọ ìdí.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, mo ti ń múra àtifẹ̀yìntì. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, Àṣàkẹ́, ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó gbé ọ̀kan wá sílé mi, ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun ń ṣe géèmù ogun, ìwọ tó ń ta á bí ẹni ń ta ayò lo máa jẹ́ jagunjagun inú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá idà òun jọ idà.

Mo wò ó. Ọkùnrin kékeré kan ń rìn kiri nínú igbó.

"Àṣàkẹ́, kí ni nọ́ńbà tó wà lókè orí rẹ̀ yìí?"

"Ìyẹn ni ẹ̀mí rẹ̀, Bàbá. Ọgọ́rùn-ún ni. Bí wọ́n bá ṣá a, á dín."

"Wọ́n ṣá a nígbà mẹ́fà, ó ṣì ń rìn?"

"Ó ku ogójì. Ẹ wò ó, ó ti mu oògùn, ó ti padà sí ọgọ́rùn-ún."

"Wo idà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. O tún ní ó ní idà mẹ́ta, apata méjì, àti ogún ìgò oògùn. Níbo ló kó wọn sí?"

"Inú àpò, Bàbá."

"Àpò wo? Mi ò rí àpò!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pin mí lẹ́mìí, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Oṣù mélòó kan la fi ṣe é. Mo ní kí ẹni tó bá wọ ẹ̀wù irin máa rìn jẹ́jẹ́, kí oòrùn máa dà á láàmú. Mo ní kí idà máa kú bó bá na apata jù. Mo ní kó yé e pé idà lè má ran ẹ̀wù tó nípọn, pé ọ̀kọ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe. Ojú mi wá là, mo ní ẹnì kan fẹ́ òtítọ́ níkẹyìn.

Mo wá sọ èyí tó kù. "Bí wọ́n bá ṣá èèyàn lápá, apá náà ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan mọ́. Títí láé. Kò sí oògùn."

Àṣàkẹ́ wò mí. "Bàbá, ta ló máa ta géèmù yẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Ṣe é."

Ó ṣe é. Ó wù mí kí Làmídì rí i. Kí ló dé tó wù mí? Mi ò mọ̀. Bóyá mo rò pé bó bá rí i nínú kọ̀ǹpútà, mi ò ní nílò láti fẹnu sọ ọ́. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó jókòó sórí ẹní, ó fi ọwọ́ òsì ta á. Ó ń gbádùn ara rẹ̀, ó ń bú àwọn ọ̀tá. "Wá níbí, ọmọ àlè!" Àfi bí ẹnì kan ṣe ṣá ọkùnrin rẹ̀ lápá ọ̀tún. Idà bọ́, apá sọ̀ kalẹ̀. Làmídì tẹ bọ́tìnnì, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, kò gbé e mọ́?"

"Wọ́n ti ṣá a, sà," ni Àṣàkẹ́ wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Títí di ìgbà wo?"

Ojú mi ni Àṣàkẹ́ ń wò. Làmídì yíjú sí mi. "Ràímì, ìwọ lo ní kí wọ́n ṣe é báyìí?"

"Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni."

"Òótọ́ wà lára mi nílé. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń wọṣọ fún un. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe nínú eré?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́nu mi. Mo ní èmi ni mo fa àpò lé èèyàn lọ́wọ́, mi ò tò wọ́n sórí ẹní. Mo ní mo gbọ́ igi lórí òkúta, mi ò dìde. Mo ní, "Làmídì, mo pàtẹ́wọ́."

"Èmi náà gbọ́ ohùn igi yẹn," ni Làmídì wí. "Mo wo iwájú, mo rí ẹ tó o jókòó. Mo ní bó bá jẹ́ wàhálà ni, Ràímì á dìde. Ọkàn mi bá balẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró dè ẹ́ kó o sọ ọ́."

Mi ò lè gbé ojú mi sókè. Ọdún mélòó! Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, èmi rò pé àánú mi ló ń ṣe é tí kò fi béèrè. Láṣé èmi ló ń retí.

Ó yíjú sí Àṣàkẹ́. "Ọmọ mi, jẹ́ kí apá rẹ̀ dìde."

Àṣàkẹ́ fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó tẹ nǹkan tó tẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní ó ti tán. Ó nawọ́ kíbọ́ọ̀dù náà sí Làmídì. Làmídì ò gbà á. Ojú mi ló ń wò. Ó ti mọ òfin Bàbá Ògúndélé láti ìgbà tá a ti jọ wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé.

Mo gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọmọ náà, mo gbé e kalẹ̀ sórí ẹní níwájú rẹ̀, mo yọwọ́.

Làmídì ò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ta ló gbé e kalẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e.